Níbo Ni Epo Wọ̀ Nínú Ọṣẹ Dúdú? Ìbéèrè Tí Kẹ́mísìrì Gbé Ka Iwájú Awo

  

Ìbéèrè méjì ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kan ní Fìdítì, lẹ́yìn tí a ti bọ Ifá tán tí obì sì ti yàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú o. Wọ́n kọ́ wa pé ọṣẹ ò ju epo àti eérú tí wọ́n pò pọ̀ lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló wá kù tí Ifá ń ṣe nínú ọṣẹ tí ẹ ń gún fún èèyàn?” Ilé pa lọ́lọ́. Àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ọmọ mi, a ó dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa ná: epo tí wọ́n dà sínú ọṣẹ ọ̀hún, níbo ló wọ̀?” Ọmọ náà la ẹnu, ó tún pa á dé.

Kí a tó túká, ìyá kan dá ọ̀rọ̀ kejì sílẹ̀. Ó ní ọṣẹ tí wọ́n fi gún ewé fún ọmọ òun jó ọmọ náà lára. Nígbà tí a wádìí, sódà ni ẹni tó se ọṣẹ náà fi rọ́pò eérú. Ìyá náà béèrè pé: “Ṣé ọṣẹ dúdú lẹ ó pe èyí?” Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tó ti dúdú tó sì ń hó. Àwọn kan ní rárá. Kò sí ẹni tó lè sọ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀.

A rí i pé ìbéèrè méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi ìdí Ifá sílẹ̀ nítorí wọ́n gbà pé kẹ́mísìrì ti sọ gbogbo ohun tó wà láti sọ nípa ewé àti ọṣẹ. Àwọn kan nínú wa náà sì ń fún wọn lésì tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn ohun tí kẹ́mísìrì sọ gan-an nípa ọṣẹ dúdú, ibi tí àwọn onímọ̀ rẹ̀ fúnra wọn ti ń jiyàn títí di òní, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wọn tó di ti awo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ọlọ́ṣẹ

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ mọ Fìdítì sí ìlú eléso. Ọsàn, ọ̀pẹ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n máa ń tò wọ́n sẹ́bàá títì fún ẹni tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ náà wà lóko wa, irú epo méjì là ń rí lára rẹ̀: epo pupa láti ara ẹyìn, àdín láti inú ekuro. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ni a lè fi se ọṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìyá ọlọ́ṣẹ jókòó rí mọ bó ṣe ń lọ. Wọn a kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí èèpo kòkó, tàbí ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gún ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Wọn a sá a kó gbẹ, wọn a sun ún di eérú. Wọn a da eérú náà sínú ajere, wọn a bu omi lé e, omi a sì máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi yìí máa ń yọ̀ bí èèyàn bá fi ọwọ́ pa á, bó bá sì kan ahọ́n, á ta á. Wọn a gbé epo kaná, wọn a pò ó mọ́ omi eérú, wọn a máa rò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí tí yóò fi dì.

Kí ni onímọ̀ kẹ́mísìrì rí níbẹ̀? Ó ní ohun tí omi fà jáde lára eérú, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní potassium carbonate. Pótáṣì la ó máa pè é níhìn-ín. Ó ní epo náà kì í ṣe ohun kan gbọọrọ. Bí a bá lè rí ẹyọ mólékù rẹ̀ kan, yóò dà bí ìdì ẹyìn kékeré: igi kan ní àárín, ọmọ mẹ́ta lára rẹ̀. Igi yẹn ni gìlísírìnì. Àwọn ọmọ mẹ́ta náà ni ásíìdì ọ̀rá. Nínú àdín, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ wọ̀nyí ló jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní lauric, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ tí a fi àdín se fi ń hó dáadáa. Bí omi eérú bá bá epo pàdé lórí iná, á já àwọn ọmọ náà kúrò lára igi. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á wá mú pótáṣì ní ẹnìkejì. Ọmọ pẹ̀lú pótáṣì, òun ni ọṣẹ. Igi náà, ìyẹn gìlísírìnì, á wà nínú ọṣẹ bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn ìyá wa kì í yọ ọ́ kúrò.

Ẹni tó tú àdììtú yìí ni Michel Eugène Chevreul ará Faransé, tí wọ́n bí ní 1786 tó sì gbé ayé fún ọdún 102. Ní 1811, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú ọṣẹ kan wò, ọṣẹ tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti pótáṣì ṣe. Ẹ kíyè sí i: pótáṣì, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ó da ásíìdì sí i, ó sì rí i pé ohun ọlọ́ràá kan yọ jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n kọ́kọ́ lò. Ní 1823 ló tẹ ìwé ńlá jáde lórí iṣẹ́ náà.

Àyẹ̀wò yìí kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ mú ọṣẹ dúdú díẹ̀, ẹ bó o sínú omi òjò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí yóò fi yòrò tán. Ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ dáadáa. Híhó rẹ̀ á kú. Omi náà á dà rú bí omi ògì. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí ohun kan tó dì, tó léfòó sókè, tó sì ń ṣe ọ̀rá lọ́wọ́. Ọsàn ti gba pótáṣì kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ sì ti padà sí ipò ásíìdì ọ̀rá.

Ṣé epo wa ló padà dé yẹn? Rárá o. Àwọn ọmọ ló dé, wọn kò sí lára igi mọ́. Níbí ni ìbéèrè àgbà wa ti wọlé.

Ṣé epo ṣì wà nínú ọṣẹ?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Aristotle ará Gíríìkì béèrè rẹ̀ kí a tó bí Chevreul ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ: bí nǹkan méjì bá pò pọ̀ tí wọ́n di ẹ̀kẹta, ṣé àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀? Bí a bá ní wọ́n wà, a jẹ́ pé kò sí ohun tuntun, àdàlù lásán ni. Bí a bá ní wọn kò sí, kí ló dé tí a tún fi ń rí nǹkan wọn gbà padà? Aristotle ní wọn kò wà ní tààrà, ṣùgbọ́n agbára wọn wà níbẹ̀, wọ́n sì lè padà yọ.

Onímọ̀ òde òní á sọ fún wa pé kò sí ohunkóhun tó ṣègbé nínú ìkòkò. Antoine Lavoisier ti kọ ọ́ ní 1789 pé bí a bá wọn gbogbo ohun tó wọlé àti gbogbo ohun tó jáde, ìwọ̀n wọn á dọ́gba. Gbogbo átọ́ọ̀mù tó wà nínú epo ló ṣì wà nínú ìkòkò ọṣẹ. Síbẹ̀, kò sí epo níbẹ̀ mọ́. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́? Ìdí ni pé epo kì í ṣe orúkọ àwọn átọ́ọ̀mù nìkan, orúkọ àjọṣe wọn ni. Bí ìdílé kan bá tú ká, àwọn èèyàn inú rẹ̀ lè má kú, kí oníkálukú ti rí ibòmíràn wọ̀ sí. Ẹ ka wọn, iye wọn pé. Ṣùgbọ́n ìdílé náà kò sí mọ́.

Nítorí náà, ohun tí ọmọ wa gbọ́ pé ọṣẹ ò ju epo àti eérú lọ, kẹ́mísìrì fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Epo àti eérú ni a fi ṣe é, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ṣe nǹkan, àti ohun tí nǹkan náà jẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Epo ń mú aṣọ dọ̀tí. Omi eérú ń jó ara. Ọṣẹ tó ti ara àwọn méjèèjì wá ló ń fọ ìdọ̀tí kúrò, tó sì ń tu ara.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwàpẹ̀lẹ́ ní 1975 pé ara wíwà ni ọ̀rọ̀ náà ìwà ti wá: pé nǹkan wà àti bó ṣe ń hù, èdè wa fi wọ́n sábẹ́ orúkọ kan. A lè yá ọ̀rọ̀ yìí lò níhìn-ín. Nígbà tí epo pàdánù ìwà rẹ̀, kò sí mọ́. Nígbà tí ọṣẹ rí ìwà tirẹ̀, ó wà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Ìbéèrè tó tún jinlẹ̀ jùyẹn lọ ni ti agbára ìfọ̀ tó wà lára ọṣẹ. Láti ibo ló ti wá? Mólékù ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní orí àti ìrù. Orí fẹ́ràn omi, ìrù fẹ́ràn ọ̀rá. Bí wọ́n bá pọ̀ tó nínú omi, wọn a kó ara wọn jọ bí agbo, wọn a kọ orí síta, wọn a sì ká ìrù wọn sínú. Inú agbo yẹn ni ìdọ̀tí ọlọ́ràá ń bọ́ sí tí omi fi ń gbé e lọ. Ẹyọ mólékù kan kò lè fọ àwo. Bí wọn kò bá tíì tó iye kan, agbo náà kò ní í dúró. Fífọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan, ti agbo ni.

Ohun tó rí báyìí pọ̀ nínú físíìsì ojoojúmọ́ tó wà láàárín wa. Ẹ wo àdín. Nígbà ọyẹ́, á dì gbagidi nínú ìgò. Bí oòrùn bá ràn, bí ìgbóná bá ti ga díẹ̀ ju ìwọ̀n 25 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, á bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Dídì àti yíyọ́ yìí, ẹyọ mólékù àdín kan kò lè dì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yọ́. Ìgbóná pàápàá bẹ́ẹ̀ ni. Onímọ̀ físíìsì ní bí àwọn mólékù ṣe ń sáré kiri lápapọ̀ ni à ń pè ní gbígbóná. Bí a bá mú ẹyọ kan ṣoṣo, eré rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè sọ pé ó gbóná tàbí ó tutù.

Ǹjẹ́ a lè ka gbogbo ìwà agbo láti ara ìwà ẹyọ? Níbí ni àwọn onímọ̀ ti pín sí méjì. Ní 1929, Paul Dirac, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù sílẹ̀, kọ ọ́ pé àwọn òfin tí gbogbo kẹ́mísìrì dúró lé lórí ti di mímọ̀ pátá. Ohun tó kù ni pé ìṣirò wọn ṣòro jù láti yanjú. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní: kẹ́mísìrì kò ju físíìsì tí ìṣirò rẹ̀ gùn lọ. Ní 1972, Philip Anderson, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé bí nǹkan bá ti pọ̀, ó ti yàtọ̀. Ó gbà pé òfin ẹyọ kò yí padà nínú agbo. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó mọ òfin ẹyọ kò tíì lè fi ìyẹn nìkan kọ́ ayé padà láti ìsàlẹ̀, torí pé ní gbogbo ìpele tí nǹkan ti ń pọ̀ sí i, òfin mìíràn tó yẹ ní wíwádìí tún ń yọjú.

Iyàn yìí kò tíì tán. Èyí tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé àwọn tó ni kẹ́mísìrì kò fi ẹnu kò pé mímọ ẹyọ ni òpin mímọ nǹkan. Ẹni tó bá wá ń fi orúkọ wọn dẹ́rù bà wá pé “kò ju ẹyọ lọ”, ó ti sọ ju ohun tí wọ́n rán an lọ.

Ibi tó ti wá, àbí bó ṣe rí?

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìbéèrè ìyá wa. Kí ló ń mú kí ọṣẹ dúdú jẹ́ ọṣẹ dúdú? Ṣé ibi tó ti wá ni, àbí ohun tó wà nínú rẹ̀, àbí iṣẹ́ tó ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ aró ṣe àpẹẹrẹ ná, torí pé eérú wà nínú òun náà. Ewé ẹlú àwọn aláró wa kì í ṣe búlúù. Ewéko tútù ni. Inú omi eérú ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́. Aṣọ tí wọ́n bá yọ nínú ìkòkò máa ń kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú wa. Ní 1883, Adolf von Baeyer ará Jámánì ti mọ bí mólékù aró ṣe tò, nígbà tó sì di 1897 iléeṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí ta aró tí kò ti ara ewé kankan wá. Aró òyìnbó yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá nígbà tó yá. Bí ẹ bá gbé mólékù búlúù tó ti ara ẹlú wá àti èyí tó ti iléeṣẹ́ wá síwájú onímọ̀ kẹ́mísìrì, ó ní ọ̀kan náà ni, kò sí àyẹ̀wò tí yóò fi ìyàtọ̀ hàn nínú bí wọ́n ṣe tò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé odindi ìkòkò aró méjèèjì wá, á ní wọ́n yàtọ̀, torí pé ti ẹlú ní àwọn ohun mìíràn tó bá búlúù náà rìn. Ẹ rí i pé èsì rẹ̀ dúró lórí ohun tí ẹ bi í: mólékù ni, tàbí ìkòkò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn wo ọṣẹ. Ní 1807, Humphry Davy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iná mànàmáná ya ohun tó wà nínú pótáṣì àti ohun tó wà nínú sódà sọ́tọ̀, ó sì rí i pé irin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: potassium àti sodium. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Ọṣẹ pótáṣì máa ń rọ̀. Ọṣẹ sódà máa ń le. Sódà tí wọ́n ń tà lọ́jà tún lágbára ju omi eérú lọ púpọ̀, tó jẹ́ pé bí ẹni tó ń se é bá ṣi ìwọ̀n rẹ̀ díẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ á máa jó awọ ara. A ò sọ pé sódà jẹ́ májèlé nínú gbogbo ọṣẹ. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọṣẹ ilé ìtajà, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa. Omi eérú pàápàá lè jó èèyàn. Ohun tí à ń sọ ni pé nígbà tí àgbà bá ní “ọṣẹ sódà yìí kì í ṣe ọṣẹ dúdú”, kẹ́mísìrì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n kun ún dúdú kò sọ ọ́ di èyí tí Ifá ní kí a lò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́ fún ara wa. Bí ẹnì kan bá ra pótáṣì iléeṣẹ́, tó fi àdín wa se ọṣẹ, tó wọ̀n ọ́n dáadáa ńkọ́? Potassium tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó kù tí kẹ́mísìrì lè sọ ni pé eérú tún ní àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn nínú. Bí àgbà bá ṣì kọ ọṣẹ yìí, kò lè yá ẹnu kẹ́mísìrì sọ ọ́ mọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́: pé ibi tí nǹkan ti wá, ọwọ́ tó ṣe é, àti ọ̀rọ̀ tí a bá a sọ wà lára ohun tó jẹ́.

Èsì yẹn kì í ṣe èsì ìtìjú. Ẹ wo ikin. Ekuro lásán sábà máa ń ní ojú mẹ́ta. Ikin tó ti ara ọ̀pẹ Ifá wá máa ń ní ojú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú yẹn, gbogbo èèyàn lè kà á. Ṣùgbọ́n ikin tí a ti tẹ̀, tí a ti fi bọ Ifá fún ogún ọdún, àti ikin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣà lábẹ́ ọ̀pẹ kan náà lánàá, bí a bá gbé méjèèjì lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọn ò ní í mọ èyí tó jẹ́ ti Ifá. Kò sí awo tí ìyẹn yóò yà lẹ́nu. Ìtàn ikin ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́ láàárín wa, ìtàn kì í sì í hàn lójú òṣùwọ̀n.

Ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́

Ẹnì kan lè sọ pé: “Ti kẹ́mísìrì ni ìmọ̀, tiyín ni ìgbàgbọ́.” Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ti bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, wọ́n sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1986. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé Yorùbá kì í pe nǹkan ní ìmọ̀ àfi èyí tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a gbà, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ gbọ́n tó.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ara wa, ẹ̀rù á ba gbogbo wa díẹ̀. Ọmọ wa tó ń kọ́ kẹ́mísìrì kò rí mólékù rí. Inú ìwé ló ti kà á. Lójú òṣùwọ̀n Yorùbá, ìgbàgbọ́ ló ní. Ọmọ awo tó kọ́ ẹsẹ Ifá lórí tí kò sì tíì ri ewé tó ń pe orúkọ rẹ̀, ìgbàgbọ́ ni tòun náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi ọṣẹ tó sì rí ọ̀rá tó léfòó, ó ti ní ìmọ̀ díẹ̀. Àwọn tó bá tẹ̀ lé irú ọ̀nà yìí síwájú ló fi wá hàn pé átọ́ọ̀mù kì í ṣe àlọ́: Jean Perrin gba ẹ̀bùn Nobel ní 1926 fún iṣẹ́ tó ṣe lórí rẹ̀. Ọ̀nà àtimọ̀ ni kí a bọ̀wọ̀ fún, ì báà jẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, ì báà jẹ́ nídìí ọpọ́n.

Àṣìṣe méjì

Àṣìṣe méjì ló yẹ kí a sá fún. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ní kẹ́mísìrì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ifá. A ti dá a lóhùn díẹ̀ lókè. Ẹ tún gbọ́ ti asofẹ́yẹjẹ. Àwọn oníṣègùn wa ti ń lo igi yìí fún wèrè láti ìgbà pípẹ́. Ní 1952, wọ́n yọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní reserpine jáde lára ìbátan rẹ̀ kan ní Íńdíà. Ó wà nínú asofẹ́yẹjẹ náà. Kẹ́mísìrì ti sọ òótọ́ kan fún wa níbẹ̀, kí a gbà á. Ṣùgbọ́n reserpine kọ́ ni odindi asofẹ́yẹjẹ. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló wà nínú igi náà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Kò sì sọ fún wa bí a ó ṣe bá aláìsàn gbé, ìgbà tí a ó dá a dúró, àti ohun tí ara ilé rẹ̀ ní láti túnṣe.

Àṣìṣe kejì, àwa la sábà máa ń ṣe é. Bí a bá ti gbọ́ pé onímọ̀ kan ní odindi ju ẹyọ lọ, a ó pariwo pé: “Ẹ ò rí i? Wọ́n ti gbà pé àṣẹ wà!” Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Pé ìmọ̀ kan ní ààlà kò túmọ̀ sí pé ohun tó wà lẹ́yìn ààlà náà ni èyí tí ó wù wá. Àwọn kan tún ń sọ pé àwọn odù 256 ti ka gbogbo átọ́ọ̀mù sílẹ̀. Òótọ́ ni pé 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256, ìṣirò tó lẹ́wà sì ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò odù kì í ṣe kẹ́mísìrì, Ifá kò sì nílò kí a purọ́ gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá gbé Ifá karí ohun tí kẹ́mísìrì sọ lónìí, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí i padà?

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Ní ti ọmọ awo, a gbà á nímọ̀ràn pé kó máa béèrè ìdí ọṣẹ tó ń rà: eérú kí ni wọ́n fi ṣe é, epo wo ni, ta ló se é. Kó tó lò ó fún ẹnikẹ́ni, kó fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn apá ara rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọmọdé ni yóò lò ó. Bó bá jó o, kó dá a padà. Ifá kò ní kí a fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé a fẹ́ wò ó sàn.

Ní ti ẹ̀yin olùwádìí, a bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń kọ oògùn sílẹ̀, ẹ má fi mọ sórí orúkọ ewé. Pierre Verger Fátúmbí, nínú ìwé rẹ̀ lórí ewé tó jáde ní 1995, kọ ewé àti ọfọ̀ pọ̀ nítorí pé inú àjọṣe wọn ni ìtumọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká fi eérú àti epo kún un.

Ní ti ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé ọmọ tó bá béèrè. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọmọkùnrin wa lọ fún ọsàn sínú omi ọṣẹ lóòótọ́. Nígbà tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ Ifá tó tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bàbá, epo náà ò wọ ibì kankan. Ó ti di ẹlòmíràn.” Àgbà náà ní: “Ó káre. Ìyẹn ni tìrẹ. Wá jókòó, ká wá sọ tiwa.” Ọpọ́n ti sún kàn án báyìí, ó sì ti ń kọ́ odù lọ́dọ̀ wa.

Àbọrú, àbọyè. Kí Ifá jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n mọ̀, kó má jẹ́ kí a ṣì í mọ̀. Àṣẹ.